Irú ẹni tí mo gbà pé mo jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iyì ara ẹni

Kí ni èrò nípa ara ẹni? Kí ni iyì ara ẹni? Ṣé wọn kì í ṣe ohun kan náà ni?

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń rìn. Èrò nípa ara ẹni ni gbogbo ohun tí ènìyàn máa kà sílẹ̀ bí wọ́n bá ní kó sọ ẹni tó jẹ́: "Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Télọ̀ ni mí. Èmi ni àkọ́bí. Mi ò mọ ijó jó. Mo máa ń tètè bínú." Iyì ara ẹni ni bí gbogbo ìyẹn ṣe rí lára rẹ̀: ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti jẹ́ ẹni yẹn, àbí ó ń tì í lójú? Télọ̀ méjì lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí àwọn méjèèjì mọ̀ dájú pé àwọn ò mọ ijó jó. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí ìnáwó, ọ̀kan á gbé ẹsẹ̀ sókè, á gbé e sílẹ̀, á fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, á sì lọ jókòó jẹun. Èkejì á ti wá àwáwí sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, kò ní débẹ̀ rárá.

William James, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìṣirò ní 1890. Ó ní ẹ mú ohun tí ènìyàn ti ṣe yọrí, kí ẹ fi ohun tó ń lépa pín in. Ohun tó bá jáde ni iyì tó ní lójú ara rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nítorí pé ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ lé, ojú máa ń tì í bí ẹlòmíràn bá mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Èdè Gíríìkì tí kò gbọ́, ní tirẹ̀, kò dùn ún rárá, torí kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ ní olùgbọ́ Gíríìkì.

Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè fi mọ èrò tí mo ní nípa ara mi?

Ẹ mú bírò àti tákàdá. Ẹ kọ "Ta ni mí?" sókè, kí ẹ dáhùn rẹ̀ nígbà ogún, láìronú jìnnà, láìpa ohunkóhun rẹ́. Manford Kuhn àti Thomas McPartland ló gbé ìdánwò yìí kalẹ̀ ní 1954, wọ́n sì ń lò ó dòní. Ìdáhùn mélòó kan àkọ́kọ́ kì í ṣòro: ọmọ lágbájá, ìyàwó tàmẹ̀dù, Mùsùlùmí, olùkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á wá máa wọnú: onítìjú, aláìnísùúrù, ẹni tí kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá ṣe fún un.

Wọ́n gbé irú ìbéèrè yìí dé Kẹ́ńyà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1997. Àwọn ẹ̀yà Maasai àti Samburu sọ̀rọ̀ ẹbí, ipò àti ojúṣe wọn láwùjọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nairobi sọ̀rọ̀ ìwà àti ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́, ìdáhùn wọn sì sún mọ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wọn. Nítorí náà, èmi máa ń fura sí ẹni tó bá ní "àwa aláwọ̀ dúdú" ń ro ara wa báyìí, "àwọn òyìnbó" ń ro ara wọn báyẹn. Ilé-ìwé àti ìgboro ti da ọ̀rọ̀ yẹn rú tipẹ́.

Nígbà wo ni ọmọ máa ń mọ̀ pé òun ni òun?

Láti nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì. Ní 1972, Beulah Amsterdam fi nǹkan pupa kan imú àwọn ọmọ kéékèèké láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó sì gbé wọn síwájú dígí. Àwọn tí kò tíì pé ọdún kan ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ inú dígí, wọ́n fẹ́ bá a ṣeré. Àmọ́ láàárín oṣù 20 sí 24, ọ̀pọ̀ wọn wo dígí, wọ́n sì fọwọ́ kan imú ara wọn. Ìgbà yẹn náà ni "Tèmi ni!" máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, tí ìtìjú náà sì ń yọjú.

Kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò bá fọwọ́ kan imú má dààmú o. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, wọ́n ṣe irú ìdánwò yìí fún ọmọ 82 ní Kẹ́ńyà, àwọn tó dàgbà jù nínú wọn sì ti pé ọdún mẹ́fà. Méjì péré ló fọwọ́ kan àmì ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù dúró gbagidi, wọ́n ń wo dígí. Àwọn olùwádìí kò sọ pé àwọn ọmọ náà kò mọ ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àgbàlagbà kan lẹ nǹkan mọ́ ọ lórí, ta ló fún ọ láyè láti yọ ọ́?

Ọmọ ọdún mẹ́rin á sọ fún yín pé òun lè sáré ju mọ́tò lọ, pé òun lágbára ju dádì òun lọ. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Kò tíì ya ohun tó wù ú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè ṣe. Nígbà tó bá fi máa di ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ojú á là, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnìkejì rẹ̀: "Mo mọ ìṣirò, àmọ́ mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó Káyọ̀dé." Láti ìgbà yẹn lọ, iyì rẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo mọ́. Ó lè ga nínú kíláàsì, kó lọ sílẹ̀ lórí pápá.

Kí ló dé tí ọmọ mi tó ti bàlágà fi ń yí padà lójoojúmọ́?

Torí pé iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn. Erik Erikson ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ láti 1950: ìgbà ọ̀dọ́ ni ènìyàn ń wá ẹni tó jẹ́, tó ń gbé ìwà kan wọ̀, tó ń bọ́ ọ sílẹ̀, tó ń gbé òmíràn. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń sọ. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1902, kò sì mọ bàbá tó bí i lọ́mọ. Orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀, Homburger, ni wọ́n fi pè é dàgbà. Júù ni ẹbí náà, àmọ́ irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ga: láàárín àwọn ọmọ Júù wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò jọ wọ́n, nílé-ìwé ìjọba wọ́n ń bú u pé Júù ni. Nígbà tó di ọmọ Amẹ́ríkà, ó yan orúkọ Erikson fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ máa gbẹ́ irun báyìí lóṣù yìí, tó tún yí i padà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi ọgbọ́n mú un. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọ̀dọ́ tí kò gbìyànjú ohunkóhun, tó ń sọ pé ohun gbogbo ti sú òun.

Ta ló ń kọ́ ọmọ ní irú ẹni tó jẹ́?

Ojú àwọn tó yí i ká ni. Charles Horton Cooley kọ ọ́ ní 1902 pé dígí ni àwọn ẹlòmíràn jẹ́ fún wa: a ń ro bí a ṣe rí lójú wọn, a ń ro ohun tí wọ́n máa sọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí wa á wú tàbí ojú á tì wá. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n rò gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí kò ṣe ohun tí a rò pé wọ́n rò.

Ẹ wo ilé kan lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ọmọ mú ìwé èsì ìdánwò wá fún bàbá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Bàbá kò wo máàkì kankan. Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ ipò sí ni ojú rẹ̀ bọ́ sí tààrà: ipò kẹsàn-án. Kò pariwo. Ó kan bèèrè pé, "Ẹni tó ṣe ìkínní, ṣé orí méjì ló ní?" Ó dá ìwé náà padà, ó sì ń bá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ. Lójú bàbá, ó ti gba ọmọ níyànjú. Àmọ́ ọmọ yẹn ti kàwé láti ipò kọkàndínlógún bọ́ sí ìkẹsàn-án, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ohun tó gbé lọ sí yàrá ni pé bí òun kò bá ṣe ìkínní, òun ò sí nílé yìí. Carl Rogers, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, pe irú èyí ní iyì tó ní ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe ká tó rí i gbà, ó sì ní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà inú ọkàn àgbàlagbà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé oríkì tí màmá àgbà ń ki ọmọ kò ní sọ ọ́ di agbéraga?

Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ń kì í. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ojú rẹ̀ ṣì dọ̀tí, kò tíì ṣe ohun rere kan láti àárọ̀, ó lè jẹ́ pé ó tọ̀ sórí ẹní pàápàá. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, màmá sì bẹ̀rẹ̀: Àdùkẹ́ ọmọ báyìí, ọmọ báyìí. Orí ọmọ wú, ó dúró pẹ́ díẹ̀ sí i lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n lè kì í tán. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kan ipò nínú kíláàsì. Ó kan ilé tí wọ́n bí i sí, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kó tó dé, àti pé òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn gan-an ni ohun tí Rogers ń wá: kí ọmọ mọ̀ pé àyè òun wà láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ fi nǹkan rà á.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Oríkì ìdílé kì í ṣe ìyìn lásán. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ àléébù àwọn baba ńlá wa, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó sá lójú ogun, ẹni tó burẹ́wà, láìbò ó mọ́lẹ̀, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ ń kọ́ pé ènìyàn lè ní àbùkù kó sì níyì síbẹ̀.

Ṣé kí n máa yin ọmọ mi dáadáa nígbà náà?

Ẹ yìn ín, àmọ́ ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń yìn. Claudia Mueller àti Carol Dweck fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbéèrè àròjinlẹ̀, èsì iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1998. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọpọlọ wọn mà pé o. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n mà gbìyànjú o. Ìpele kejì le, gbogbo wọn sì fìdí rẹmi. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìbéèrè tó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́ fún wọn, àwọn tí wọ́n yin ìgbìyànjú wọn ṣe dáadáa sí i. Àwọn tí wọ́n yin ọpọlọ wọn ṣe burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ máàkì wọn fún ọmọ ilé-ìwé mìíràn, bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ọlọ́pọlọ wọ̀nyí parọ́. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé orí rẹ̀ pé kò fẹ́ kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ òun.

Èyí tó tún kan àwa òbí ni iṣẹ́ Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2015. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó lé ní 500 nílẹ̀ Netherlands, láti ọmọ ọdún 7. Òbí tó ń sọ fún ọmọ pé ó ṣe pàtàkì ju ọmọ yòókù lọ ń rí agbéraga gbà. Òbí tó ń fi ìfẹ́ hàn, tó ń jókòó tì í, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ló ń rí ọmọ tó níyì lójú ara rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìbáwí ńkọ́? Ṣé kí n má bá a wí mọ́ ni?

Ẹ bá a wí. "Ohun tí o ṣe yìí kò dára" jẹ́ ìbáwí. "Olódo ni ọ́" kì í ṣe ìbáwí, orúkọ ni, ọmọ á sì jẹ́ ẹ.

Wọ́n ń sọ pé kí n gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé àwọn ọlọ́pọlọ. Ṣé kò ní gbé iyì rẹ̀ ga?

Ó lè gbé e sílẹ̀. Herbert Marsh ti ń ṣe ìwádìí lórí èyí láti àwọn ọdún 1980: bí ọmọ méjì bá ní òye kan náà, èyí tó wà láàárín àwọn tó mọ̀wé gan-an á máa ro pé òun kò mọ nǹkan tó èyí tó wà nílé-ìwé lásán. Wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè 26 nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2003. Leon Festinger ti sọ ìdí rẹ̀ ní 1954: bí kò bá sí òṣùwọ̀n tó dájú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la fi ń wọn ara wa.

Èyí kò ní kí ẹ má gbé e lọ. Ilé-ìwé tó dára ní àǹfààní tirẹ̀. Àmọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìkínní lábúlé bá dé yunifásítì Ifẹ̀ tó wá di ẹni ogójì, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó ń bá a jókòó ló yí padà, kì í ṣe òye rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un kó tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì àkọ́kọ́ bá dé.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹwà ló ń pinnu iyì ọ̀dọ́?

Ó ń kó ipa tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Susan Harter pín ohun tí ọmọ fi ń díwọ̀n ara rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún: ìwé, ọ̀rẹ́, eré ìdárayá, ìwà àti ìrísí. Ìrísí ló máa ń bá iyì ara ẹni lọ jù nínú gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwa tí à ń sọ pé ìwà lẹwà, àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ, wọn ò kàn gbà á ni. Wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń fi sí iwájú fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ tó pupa.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀rọ̀ àwọ̀. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, Kenneth àti Mamie Clark gbé bèbí funfun àti bèbí dúdú síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ yan funfun pé òun ló dára. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ló jọ wọ́n, àwọn kan bú sẹ́kún, wọ́n sá jáde. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà tọ́ka sí irú iṣẹ́ yìí nígbà tó fòpin sí yíya ilé-ìwé sọ́tọ̀ ní 1954.

Gbogbo ènìyàn wá gbà pé àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ á kórìíra ara wọn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ ní 2000, iyì ara ẹni àwọn aláwọ̀ dúdú ga díẹ̀ ju tàwọn aláwọ̀ funfun lọ. Jennifer Crocker àti Brenda Major ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1989: ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lè mọ̀ pé ìkà ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ, kó má gbà á sára, ó sì lè fi ará ilé rẹ̀ wọn ara rẹ̀, kó fi àwọn yẹn sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ lè mọ ohun tí ayé ń pè ní ẹwà kó má sì fi ṣe òṣùwọ̀n, bí ilé rẹ̀ bá ní òṣùwọ̀n mìíràn. Ìyá tó ń fi ìpara bó ara tirẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó ń sọ fún ọmọ pé "dúdú rẹ dára" ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iyì ara ẹni àti ìgbéraga?

Ẹ wo bí Morris Rosenberg ṣe wọ̀n ọ́n. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ tó jáde ní 1965, lẹ́yìn tó ti lò ó fún ọ̀dọ́ tó lé ní 5,000 nílé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní ìpínlẹ̀ New York, kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń bèèrè bóyá ẹ gbà pé ẹ níyì, ó kéré tán bíi ti ẹlòmíràn. Bíi ti ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ju ẹlòmíràn lọ. Agbéraga nílò ẹni tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó níyì lójú ara rẹ̀ lè jókòó ti ọlọ́lá kó má wárìrì, kó jókòó ti aláìní kó má ṣe fújà.

Ṣé iyì ara ẹni tó ga ló ń mú ènìyàn yọrí láyé?

Ìjọba California gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní 1986, aṣòfin John Vasconcellos mú kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí iyì ara ẹni, èrò rẹ̀ ni pé bí gbogbo ènìyàn bá níyì lójú ara wọn, ìwà ọ̀daràn, oògùn olóró àti oyún àìròtẹ́lẹ̀ á dín kù. Ìròyìn wọn jáde ní 1990, ilé-ìwé káàkiri Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyìn kiri.

Ní 2003, Roy Baumeister àti àwọn mẹ́ta mìíràn yẹ gbogbo ìwádìí wò. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa nínú ìwé máa ń níyì lójú ara rẹ̀, àmọ́ fífi kún iyì náà kò sọ ọ́ di ẹni tó mọ̀wé. Ṣíṣe ló ṣáájú. Iyì tó ga kò sì dá ọ̀dọ́ dúró nídìí sìgá àti ọtí. Ohun tó ṣe ni pé inú ẹni tó ní i máa ń dùn jù, bó bá sì kùnà, kì í tètè jáwọ́. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí fún California.

Instagram àti TikTok ńkọ́?

Festinger ni ẹ padà sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ogójì inú kíláàsì ni ọmọ fi ń wọn ara rẹ̀. Nísinsìnyí, gbogbo àgbáyé ni, lọ́jọ́ tí wọ́n múra jù lọ. Ẹ bá a wò ó pọ̀, kí ẹ máa bi í léèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló rò pé wọ́n ya fọ́tò yìí kí wọ́n tó rí ọ̀kan gbé síta.

Ọmọ mi ní London ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Olúwaṣeun mọ́, "Shaun" ni òun ń jẹ́. Ṣé kí n bínú?

Ẹ má bínú, ẹ bèèrè. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ ń fi orúkọ náà ta kókó lẹ́nu ní gbogbo àárọ̀, tí kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Jean Phinney, tó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí láti 1989, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó ti wádìí ìran wọn tí wọ́n sì gbà á fúnra wọn máa ń níyì lójú ara wọn ju àwọn tí kò tíì rò ó rárá. Wíwádìí yẹn kì í ṣe ohun tí òbí lè bá a ṣe. Iṣẹ́ tiyín ni kí ohun tó máa wádìí wà nílẹ̀: èdè nínú ilé, ìrìn àjò sọ́dọ̀ màmá àgbà, ìtàn ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹ lọ bá olùkọ́ náà pẹ̀lú, kí ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó lè pe Tchaikovsky, orúkọ olórin ará Rọ́ṣíà, kò sí ohun tó ní kó má lè pe Olúwaṣeun.

Mo ti lé lógójì ọdún. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ní 2018, Ulrich Orth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ lórí ènìyàn tó lé ní 160,000. Iyì ara ẹni ń lọ sókè láti ìgbà ọmọdé, ó dúró sójú kan láàárín ọdún 11 sí 15, ó tún gbéra títí dé bí ọdún 60, ibẹ̀ ló ti ga jù lọ. Lẹ́yìn 70 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ sílẹ̀.

Kí ni mo lè ṣe fún ara mi, nígbà náà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kì í ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró síwájú dígí láàárọ̀ tá à ń sọ pé "Mo dára, mo níyì, mo jẹ́ orí." Joanne Wood dán an wò ní 2009: aago ń dún, bó bá sì ti dún, wọ́n á tún un sọ pé àwọn jẹ́ ẹni tó ṣeé fẹ́ràn. Ó ran àwọn tó ti níyì tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn tí kò ní i, tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn gan-an, wá burú sí i, torí bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, inú wọn á dáhùn pé irọ́ ni. (Mi ò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà o. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó máa bá ara rẹ̀ jiyàn.)

Èyí tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́ nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Albert Bandura kọ ọ́ ní 1977 pé kò sí ohun tó ń fún ènìyàn nígboyà tó kó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kó sì yọrí. Kò gbọ́dọ̀ rọrùn jù, kò sì gbọ́dọ̀ ju agbára lọ. Obìnrin tó kọ́ mọ́tò wíwà lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tó fi ara rẹ̀ gba Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó gbójú.

Èkejì, ẹ padà sí ìṣirò James, kí ẹ wo ohun tí ẹ ń lépa. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiyín: ẹnìkan ló fi wọ́n síbẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó sì lè ti kú. Ẹ lè pa wọ́n rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí Kristin Neff ti ń sọ láti 2003: bí ẹ bá kùnà, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa bá ọ̀rẹ́ tó kùnà sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé òun ló dára jù láyé, ẹ ò sì ní pè é ní òfò.

Ìgbà wo ló yẹ kí n lọ rí dókítà?

Bí ìbànújẹ́ bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí kò lọ, bí oorun tàbí oúnjẹ bá kọ̀, bí ọ̀dọ́ bá ń fa ara rẹ̀ ya, tàbí tó bá ń sọ pé ó sàn kí òun má sí mọ́. Ẹ má dúró wò ó bí ẹ bá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìyẹn ti kọjá iyì ara ẹni. Ó lè jẹ́ àìsàn ìbànújẹ́, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú rẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà, bẹ́ẹ̀ ni Aró wà ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró ti di èébú lẹ́nu wa. Ní 1954 ni Adéoyè Lámbò, dókítà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀, tí ẹbí kan á sì wà pẹ̀lú wọn, tí wọ́n á máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà ní London lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti oògùn èyíkéyìí tó ń lò, títí kan àgbo, nítorí wọ́n á bi yín.